Ṣọ́jà Tí Ilé Kò Rí Òkú Rẹ̀ Sin: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Àwọn Ọmọ Abúlé Tó Kú sí Bọ́mà

Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin ìjòyè ìlú, mo júbà. Ìyálọ́jà àti gbogbo ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin ṣọ́jà fẹ̀yìntì tí ẹ jókòó níwájú, tí ẹ so àmì ẹ̀yẹ mọ́ àyà, ẹ kú ewu o. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí, mo kí yín. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ní àkísà kí n tó tú aṣọ tèmi. Tó, ó ṣe bí òwe o.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdọọdún ni ìjọba wa ń rántí àwọn ṣọ́jà tó kú. Ẹ ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n: wọ́n á gbé òdòdó kalẹ̀, wọ́n á yin ìbọn sókè, wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀. Nígbà kan, ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá là ń ṣe é, ọjọ́ tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní parí ní 1918. Nígbà tí Ogun Abẹ́lé tiwa parí ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní 1970 ni wọ́n gbé e wá sí oṣù kìn-ín-ní. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹyẹlé bá fò tán, ta ni ẹ̀ ń rántí? Mo béèrè o. Ta ni, ní orúkọ, ní agboolé?

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ọmọ abúlé tó lọ sógun tí kò bọ̀. Ogun pọ̀ tí ọmọ wa bá lọ. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo mú lónìí, Ogun Àgbáyé Kejì, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní Ogun Hítílà, pàápàá jù lọ apá ti Bọ́mà, ilẹ̀ Éṣíà tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí.

Ta ló lọ?

Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1939. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì la wà. Kò sẹ́ni tó bi àgbẹ̀ kan léèrè ní ìdí ebè rẹ̀ bóyá ó ń bá Jámánì jà, tàbí bóyá ó mọ ibi tí Japan wà. Síbẹ̀, ogun wọ abúlé. Nígbà tí Japan gba Málàyà àti Singapore ní ìbẹ̀rẹ̀ 1942, rọ́bà àti epo tó ń ti apá ibẹ̀ wá dáwọ́ dúró, ni ìjọba bá kọjú sí wa. Ẹ pa ẹ̀kùrọ́! Ẹ kọ rọ́bà! Àwọn ìyá wa pa ẹ̀kùrọ́ títí ọwọ́ fi bó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí a mú ènìyàn wá.

Báwo ni wọ́n ṣe rí ènìyàn? Ọ̀nà pọ̀. Àwọn kan fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ. Àwọn kan, ìjòyè ló fi orúkọ wọn ránṣẹ́ nítorí Ajẹ́lẹ̀ ní kí ìlú mú iye kan wá. Òmíràn ń sá fún gbèsè. Òmíràn ń wá owó tí yóò fi fẹ́ ìyàwó. Òmíràn rí ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ kákí ológun, ó ní òun náà á wọ̀ ọ́. Wọ́n tún ń sọ fún wọn pé bí Hítílà bá borí, ẹrú ni gbogbo ènìyàn dúdú yóò tún padà dà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn ilé yín, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹrú kì í ṣe ohun àtijọ́ fún àwọn ènìyàn náà. Bàbá bàbá wọn ló rí i.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹnì kan fún àpẹẹrẹ. Isaac Fádọyẹbọ ni, ọmọ Èmùrè-Ilé, ní ẹ̀gbẹ́ Ọ̀wọ̀. Ọdún 1925 ni wọ́n bí i. Ní 1942, ó lọ sí Abẹ́òkúta, ó fi orúkọ sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò fọwọ́ sí i. Ọmọ ọdún 16 ni. Ẹ bojú wẹ̀yìn, ẹ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó yìí. Ẹgbẹ́ wọn ló lọ sógun. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣì ń pè wá jẹun alẹ́ ni.

Bí ọmọ Yorùbá bá wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà nígbà náà, Hausa ni yóò kọ́kọ́ kọ́, nítorí òun ni wọ́n fi ń pàṣẹ. Òyìnbó ló ń ṣe ọ̀gá. Ọmọ abúlé lè di kọ́púrà, ó lè di sájẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí wọ́n dá a dúró sí. Owó rẹ̀ kò tó owó ṣọ́jà funfun tí wọ́n jọ ń ru ewu kan náà.

Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí wé ogun tí àwọn baba ńlá wa jà. Ní Kírìjì, láti 1877, ọmọ ogun mọ balógun rẹ̀. Ó mọ ìdí tí wọ́n fi ń jà, bí ìdí náà kò tilẹ̀ dára. Ibùdó ogun di ìlú; obìnrin wà níbẹ̀, wọ́n ń dáko, wọ́n ń bímọ. Bí ọmọkùnrin bá ṣubú, ẹni tó mọ ìyá rẹ̀ wà nítòsí. Ti Bọ́mà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ọkọ̀ òkun kó lọ sí Éṣíà, sí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wọn kò dárúkọ rẹ̀ rí.

Igbó Kaladan

Ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 ló kọ́kọ́ lọ, ẹgbẹ́ 82 tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast (Ghana òní), Sierra Leone àti Gáḿbíà ló wà nínú rẹ̀. Aláǹtakùn dúdú ni àmì tó wà lára aṣọ ẹgbẹ́ 81, Ànáǹsè inú àlọ́ àwọn ará Gold Coast. Bó bá jẹ́ àwa la yan àmì, ó dá mi lójú pé Ìjàpá ni à bá yàn.

Àfonífojì odò Kaladan, ní apá ìwọ̀-oòrùn Bọ́mà, ni wọ́n rán ẹgbẹ́ 81 lọ. Ọ̀nà ọkọ̀ kò sí níbẹ̀. Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi là á: ọ̀nà máìlì 75, lórí òkè, nínú igbó, kí jíìpù lè kọjá. Ibi tí ọ̀nà náà parí sí, orí ló kù. Orí tí ìyá wọn kọ́ wọn láti fi ru omi ni wọ́n fi ru ọta ìbọn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹrù rírù gan-an ni iṣẹ́ ogun tiwọn. Oúnjẹ ń ti ojú ọ̀run wá. Ọkọ̀ òfuurufú á fò kọjá, wọ́n á fi párásúùtì já ìrẹsì sílẹ̀. Bí kùrukùru bá bo òkè, ọkọ̀ kò ní lè wá, ebi nìyẹn. Òjò ilẹ̀ yẹn ń rọ̀ fún oṣù púpọ̀. Eṣúṣú ń mu ẹ̀jẹ̀. Ibà ń mú akọni wólẹ̀ kí ó tó rí ọ̀tá kankan.

Ó yẹ kí ẹ mọ èyí, nítorí bí a bá ní ṣọ́jà kú sójú ogun, ohun tó wá sọ́kàn wa ni ìbọn. Àwọn àgbà ní ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ akíkanjú, ibà ló pa wọ́n. Ìgbẹ́ ọ̀rìn ló pa wọ́n. Ṣé a ó wá ní ti wọn kì í ṣe ikú ogun?

Ọjọ́ kejì oṣù kẹta, 1944

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí yìí.

Ẹ rántí Fádọyẹbọ. Wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, wọ́n fi í sí ẹ̀ka tó ń gba ọgbẹ́ àwọn tó fara gbọta. Àwọn yìí kì í ṣe ẹni tí wọ́n rán lọ yìnbọn. Bàǹdéèjì àti oògùn ni ohun ìjà wọn. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta 1944, wọ́n wà létí odò Kaladan nígbà tí àwọn ọmọ ogun Japan tó lúgọ da ìbọn bo wọ́n. Àwọn kan kú lójú ẹsẹ̀. Ìbọn fọ́ egungun itan Fádọyẹbọ, ó sì tún bà á níkùn. Àwọn Japan fi àwọn tí kò lè rìn sílẹ̀ níbẹ̀ pé igbó ni yóò parí iṣẹ́. Ẹgbẹ́ tiwọn náà kò lè padà wá.

Àwọn tó gbọgbẹ́ wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni o. Ẹnì kan lónìí, ẹlòmíràn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, títí ó fi ku ènìyàn méjì: Fádọyẹbọ àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone.

Ta ló gbà wọ́n? Kì í ṣe ṣọ́jà. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Àgbẹ̀ bíi ti bàbá wọn ni. Àwọn Mùsùlùmí ará abúlé kan nítòsí gbé oúnjẹ wá fún wọn nínú igbó, wọ́n sì ṣe àtíbàbà lé wọn lórí. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Shuyiman kó wọn wọ inú ilé rẹ̀, níbi tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wà. Bí àwọn Japan bá rí wọn níbẹ̀, gbogbo ilé ló kú. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì tọ́jú wọn. Oṣù mẹ́sàn-án! Oṣù tí obìnrin fi ń gbé oyún. Ní oṣù kejìlá 1944 ni àwọn ọmọ ogun Gurkha, àwọn ará Nepal tó ń jà fún Gẹ̀ẹ́sì, dé ibẹ̀, tí àwọn méjèèjì fi bọ́.

Fádọyẹbọ padà sí Nàìjíríà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Èkó, ó bímọ, ó padà sílé, ó sì kú ní 2012, lẹ́ni ọdún 86. Ìlú rẹ̀ sin ín bí a ti ń sin àgbà.

Kí ni ìdí tí mo fi sọ ti ẹni tó bọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ti ẹni tí kò bọ̀ ni wọ́n ní kí n sọ? Nítorí pé ó jókòó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀. Ìdí kan ṣoṣo tí a fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ létí odò yẹn nìyẹn. Àwọn tó kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí kò bá sí ẹnu rẹ̀, ìwé ìjọba nìkan ni ì bá sọ nípa wọn, ọ̀rọ̀ ìlà kan. Ẹ ronú nípa gbogbo etí odò yòókù ní Bọ́mà tí ẹnì kankan kò ti bọ̀ wá ròyìn.

Ọmọ kú sàn ju ọmọ nù lọ

Ẹ jẹ́ ká padà wálé báyìí. Nígbà tí ọmọ wà nínú igbó lọ́hùn-ún, kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní agboolé?

Yorùbá ní ọmọ kú sàn ju ọmọ nù lọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò nù rí lè rò pé ọ̀rọ̀ líle ni. Ìyá kan ní agbègbè wa níbí ló jẹ́ kí òwe náà yé mi. Màmá àgbàlagbà ni. Wọ́n ti di olóògbé báyìí. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ló lọ sí Bọ́mà. Wọ́n ní ìwé dé ọ́fíìsì Ajẹ́lẹ̀, ìránṣẹ́ wá sílé, ó ní ọmọ yín ti kú. Ìyá wọn bi ìránṣẹ́ náà pé: "Irun orí rẹ̀ dà? Èékánná rẹ̀ dà?" Ìránṣẹ́ kò rí èsì fọ̀. Ìyá náà ní ó dára, ọmọ òun kò tíì kú nìyẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ ohun tí ìyá náà ń béèrè. Tẹ́lẹ̀ rí, bí ọmọ Yorùbá bá kú sí ìrìn àjò, tí wọn kò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ á gé irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sílé. Ìyẹn ni wọ́n á sin, pẹ̀lú gbogbo ètùtù àti ẹkún, bí ẹni pé òkú náà ló wà nílẹ̀. Ó ti wálé. Ọkàn lè sinmi. Bí kò bá sí irun, tí kò sí èékánná, kí ni ẹ fẹ́ kí ìyá gbé sin? Ìwé?

Ó kan ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà pẹ̀lú. Ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ni. Àwọn ẹbí kan ní kí ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀. Ìyá ọkọ ní láéláé. Bí kò bá ṣe opó, wọn kò lè ṣú u lópó fún àbúrò ọkọ. Bí ọkọ kò bá sì sí nílé, kò lè lóyún. Ìyàwó kọ́, opó kọ́. Màmá yìí sọ fún mi pé ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kó tó lọ lálẹ́ ọjọ́ kan láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Wọn kò rí i mọ́. Ogun tí wọ́n jà ní Bọ́mà ló sọ obìnrin yẹn nù. Kò sí lórí òkúta ìrántí kankan.

Òkúta ibojì

Ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù lọ ni mo kàn báyìí. Ẹ forí jì mí bí ohùn mi bá lọ sókè.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ogun Káísà, ní 1917, Gẹ̀ẹ́sì dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa tọ́jú ibojì àwọn tó kú. Ìlérí wọn ni pé gbogbo òkú yóò dọ́gba: olówó, tálákà, ọ̀gá, ọmọ iṣẹ́, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan Áfíríkà, ní 1923, Guggisberg tó jẹ́ gómìnà Gold Coast sọ ọ́ pé ará Gold Coast lásán kò ní lóye òkúta ibojì, kò ní mọ rírì rẹ̀. Òṣìṣẹ́ àjọ náà kan fi kún un pé bóyá ní igba ọdún tàbí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sí i, nígbà tí ojú àwọn ọmọ ilẹ̀ náà bá ti là díẹ̀, inú wọn á dùn pé wọ́n rí òkúta. Àjọ náà fúnra rẹ̀ ló tú àṣírí yìí nínú ìròyìn tó gbé jáde ní oṣù kẹrin 2021, ó sì tọrọ àforíjì. Ó gbà pé àwọn ọmọ Áfíríkà àti Éṣíà tí wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan lẹ́yìn ogun Káísà lé ní 100,000.

A kò lóye ibojì? Àwa? Àwa tí a ń sin bàbá wa sínú ilé kí a lè máa rìn lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, kí a lè máa bá a sọ̀rọ̀? Àwa tí a ń gbé èékánná òkú rin ìrìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ẹni tó kú má baà sùn síta? Nígbà tí ọdẹ bá kú, ẹgbẹ́ ọdẹ kì í sin ín kí wọ́n tú ká. Wọ́n ń ṣípà fún un, wọ́n ń sun ìrèmọ̀jé, wọ́n á dárúkọ rẹ̀, wọ́n á ki oríkì rẹ̀, wọ́n á sọ iṣẹ́ tó ṣe nínú igbó àti àwọn tó fi sílẹ̀ sáyé. Ẹni tó bá gbọ́ ìrèmọ̀jé ní òru kò ní bèèrè bóyá Yorùbá mọ rírì òkú.

Nígbà tó di Ogun Hítílà, nǹkan yí padà díẹ̀. Ní Taukkyan, ní àríwá ìlú Yangon tí wọ́n ń pè ní Rangoon tẹ́lẹ̀, ibojì tó lé ní 6,000 wà ní ibi ìsìnkú ogun. Láàárín rẹ̀ ni ìrántí kan dúró sí, òpó gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ, tí orúkọ nǹkan bí 27,000 ènìyàn tí a kò mọ ibojì wọn wà lára rẹ̀. Ọmọ wa wà níbẹ̀. Audu wà níbẹ̀, Lawani wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ Íńdíà àti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ wò ó, Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ́ ni mo ń bá wí. Ní Ìdúmọ̀tà, ní Èkó, ère ṣọ́jà kan àti ti aláàárù kan dúró fún ìrántí àwọn tó kú nínú ogun Káísà. Gbogbo Èkó mọ Ṣọ́jà Ìdúmọ̀tà. Àwa fúnra wa la gbé e kúrò níbẹ̀. Ní ìlú tiwa ńkọ́, kí la ní? Orúkọ olóṣèlú wà lára ẹ̀rọ omi tí kò yọ omi. Orúkọ ọmọ tó kú sí Kaladan kò sí lára ohunkóhun.

Ohun tó kù tí a lè ṣe

Wọ́n á ní ó ti pẹ́. Kò pẹ́. Àjọ tó ń tọ́jú ibojì ogun ti kó gbogbo orúkọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ló sì lè wá a lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí fóònù wà lọ́wọ́ yín, iṣẹ́ yín nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀nà kan hàn yín. Nígbà tí ọmọ abúlé dé iwájú akọ̀wé ológun, wọ́n bi í lórúkọ. Ó ní Làwàní. Wọ́n ní orúkọ bàbá ńkọ́, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ béèrè; wọ́n kàn kọ orúkọ ìlú rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ló wà nínú ìwé bẹ́ẹ̀: Lawani Ibadan, Bello Ilorin, Audu Kano. Ìwà àìbìkítà ni nígbà náà. Lónìí ó lè ṣe wá ní àǹfààní. Ẹ má kàn wá orúkọ ìdílé yín. Ẹ wá orúkọ ìlú yìí, kí ẹ sì kọ ọ́ ní gbogbo ọ̀nà tí akọ̀wé tí kò gbọ́ Yorùbá lè gbà kọ ọ́. Ẹ tún wo orúkọ ìlú ńlá tó wà nítòsí, nítorí ẹlòmíràn, ìlú tí akọ̀wé mọ̀ ni wọ́n kọ fún un.

Ẹ̀yin àgbà, ti yín ni agboolé. Bí ẹ bá gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan lọ sí Bọ́mà láti ilé yín, ẹ sọ ọ́, kódà bó jẹ́ ìnagijẹ rẹ̀ nìkan lẹ rántí. Bí ìwé ìdásílẹ̀ ológun, àwòrán, tàbí àmì ẹ̀yẹ bá wà nínú àpótí, ẹ má jó o, ẹ má tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹ mú un wá kí a ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì gbé e padà lọ sílé.

Kábíyèsí, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní síwájú yín. Nígbà tí orúkọ bá pé jọ, bó tilẹ̀ jẹ́ mẹ́ta péré, mo bẹ̀ yín kí ẹ pe ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú kí wọ́n ṣípà fún wọn ní ààfin. Mo mọ̀ pé ọdẹ kọ́ ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n wọ igbó, wọ́n gbé ìbọn, igbó kò sì jẹ́ kí wọ́n padà. Kí ìmáàmù ṣàdúà, kí àlùfáà gbàdúrà, kò sí ìjà níbẹ̀. Kí wọ́n sì pe orúkọ wọn sókè pẹ̀lú oríkì ilé bàbá wọn, kí agboolé tó ni ín dáhùn.

Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Olùkọ́ ìtàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó ń kọ̀wé kedere. Ẹ̀yin ìyá tó ti dìde nítorí ọjà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà níbẹ̀ ná kí ẹ tó lọ. Mo dúpẹ́ púpọ̀, ẹ kú sùúrù.